Ológbò Bàbá Mojọlà àti Ìdá Kan Nínú Mẹ́rin

"Oúnjẹ ẹnìkan, májèlé ẹlòmíràn." Òwe tí Bàbá Mojọlà máa ń pa nìyí bí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbé ẹ̀wà kalẹ̀, torí ẹ̀wà máa ń wú u níkùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ológbò rẹ̀ já bọ́ láti orí àjà, ó sì ń tiro. Bàbá rò ó síwá sẹ́yìn. Párásítámọ́ọ̀lù ló ń pa ìrora orúnkún òun. Ìdajì hóró ni wọ́n ń fún ọmọdé. Ológbò kò sì tó ọmọdé. Ló bá pín hóró kan sí mẹ́rin, ó lọ ìdá kan mọ́ ẹja, ológbò sì jẹ ẹ́ tán.

Kí oòrùn tó kàntàrí, ojú ológbò ti wú, èrìgì rẹ̀ ti ṣú bí ẹrẹ̀.

"Ṣebí mo wọ̀n ọ́n!" ni Bàbá wí fún dókítà ẹran. "Ohun tó ń wo èèyàn sàn, báwo ló ṣe fẹ́ pa ológbò?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, Bàbá," ni dókítà náà dáhùn, bó ti ń gún ológbò lábẹ́rẹ́. "Ara ológbò kò lè fọ́ oògùn yẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bà jẹ́."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ológbò délé nínú agbọ̀n, ó ń mí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyàwó Bàbá wò ó títí, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Mojọlà, ṣé ẹ̀wà nìkan ni òwe yín mọ̀ ni?"