Ajá Tí Kì Í Jẹ́ Ìpè

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹfúnṣẹ̀yẹ bí, Àkàngbé, ọmọ náà kò sì lè sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ló ti ń rìn lọ síbi tí ojú ìyá rẹ̀ kò tó. Ajá ilé nìkan ló máa ń tẹ̀ lé e. Bí ajá bá ń jẹ́ ìpè ni, ìyá ì bá máa mọ ibi tí ọmọ wà; ṣùgbọ́n bí Ẹfúnṣẹ̀yẹ bá ti pè é, abẹ́ àká ló ń sá wọ̀. Ìyá náà kò fojú kan oorun mọ́.

Ó gbé ẹ̀dùn rẹ̀ tọ Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ lọ, arúgbó obìnrin tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Arúgbó dà á, ó wò ó pẹ́.

"Kí lorúkọ ajá náà?"

"Ojútìwọ́n ni, ìyá."

"Ta lojú tì?"

Ẹfúnṣẹ̀yẹ dorí kodò. Ó jẹ́wọ́ pé orogún òun, Àwẹ̀ró, lòun ń fi orúkọ náà bú. Òun a máa lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, òun a sì máa pe ajá kíkankíkan. Àwẹ̀ró náà ti wá ajá tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Gbọ́tìẹ.

"Ajá kò mọ orogún," ni arúgbó wí. "Ìbínú ló ń gbọ́, ó sì rò pé òun lo ń bá jà. Rúbọ, ọmọ mi. Ẹran tó bá kàn ọ́ nínú ọbẹ̀ lẹbọ. Fi orúkọ mìíràn pe ajá, jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá wá, fi ẹran sí i lẹ́nu. Má ṣe pè é láti nà án láéláé. Kó o sì sọ orúkọ tuntun náà níṣojú orogún rẹ."

"Èyí tó kẹ́yìn yẹn le, ìyá."

"Ìyẹn gan-an lẹbọ."

Ẹfúnṣẹ̀yẹ rú u. Ó sọ ajá ní Máabọ̀ níṣojú Àwẹ̀ró, ó ń jẹ ọbẹ̀ láìsí ẹran, títí ajá fi ń ti ẹ̀yìn odi sáré wá jẹ́ ìpè rẹ̀. Ó bẹ Àwẹ̀ró pé kí òun náà rúbọ. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó ní ajá kan kò ní máa jẹ ẹran kí òun máa lá omi ọbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìkùukùu ọyẹ́ bo ìlú, wọn kò sì rí Àkàngbé mọ́. Ajá méjèèjì ti bá a lọ. Ìyá rẹ̀ sáré dé etí igbó, Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e. Igbe ti dé ọ̀fun Ẹfúnṣẹ̀yẹ. Ó gbé e mì. Ó pè jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ọmọ wá jẹun:

"Máabọ̀. Máabọ̀ o."

Igbó pa rọ́rọ́. Nígbà tó yá, ìkùukùu là díẹ̀, ajá jáde, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀. Àkàngbé di ọrùn rẹ̀ mú, ìrì bo àwọn méjèèjì. Ẹfúnṣẹ̀yẹ na ọwọ́ sí wọn. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

Gbọ́tìẹ yọ lẹ́yìn wọn. Àwẹ̀ró figbe pè é, bó ti máa ń pè é. Ajá náà dúró, ó wò ó, ó sì yí padà sínú ìkùukùu. Wọn kò rí i mọ́.

Ẹni tó rúbọ gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó kẹ́gàn ẹbọ a máa dúró létí igbó láràárọ̀, ẹran lọ́wọ́, a máa pe orúkọ kan jẹ́ẹ́jẹ́.