Àga Tí Àwọn Ọmọ Rà fún Bàbá

Ọkùnrin kan wà tó ṣe bíríkìlà fún ọdún méjìdínlógójì. Orí àkàbà ló ti rí owó tó fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, ibẹ̀ náà ló sì ti kó orúnkún tó ń dùn ún bọ̀. Kèrékèré, egungun rírọ̀ tó wà láàárín egungun méjèèjì, ti jẹ tán. Láàárọ̀, kó tó lè na ẹsẹ̀, á kọ́kọ́ kérora.

Àwọn ọmọ gbé e lọ sí ọsibítù. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ àwọn tí oríkèé ń dùn bí wọn yóò ṣe máa lo ara wọn. Ó ní kí bàbá máa jókòó sórí àga onígi, kó dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, kó tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Kó sì máa rìn dé ìdí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, kó padà. Ó ní yóò dùn ún ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan itan tó bá lágbára ni yóò bá orúnkún gbé ẹrù ara. Bó bá le jù, kó padà wá, àwọn yóò dín in kù.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a kà á. Yóò dúró síwájú rẹ̀, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa kà bí ẹni ń ka iṣu: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ọkọ bá fẹ́ fò ó, á ní òun kò tíì rí ẹ̀wá. Ọkọ á máa bú obìnrin ọsibítù, á sì máa dìde. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rìn dé ìdí máńgòrò láìdi nǹkan kan mú.

Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó bá bàbá níbi tó ti ń kérora lórí àga onígi, ó sì bú sẹ́kún. Ó pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ṣèpàdé. Wọ́n ní iṣẹ́ ló ba ẹsẹ̀ yìí jẹ́, ṣé iṣẹ́ náà ni wọ́n á tún fi wò ó? Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò burú. Ibi tí wọ́n lò ó sí ni kò dára.

Wọ́n ra àga ńlá kan tí tìmùtìmù rẹ̀ jìn débi pé ènìyàn á rì sínú rẹ̀. Wọ́n ń gbé oúnjẹ bá a níbẹ̀, wọ́n ń gbé omi ìfọwọ́ bá a, wọ́n gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń yìn wọ́n pé wọ́n mọ ìtọ́jú. Nígbà tí ìyá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ení, èjì, àkọ́bí sọ fún un níṣojú gbogbo ilé pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí bàbá wa sinmi. Ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?"

Ojú ti obìnrin náà. Kò kà á mọ́.

Kí n má parọ́, bàbá gbádùn rẹ̀. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n kẹ́ òun? Ọdún méjì kọjá. Orúnkún kò yéé dùn ún, itan tó ti ń gbé búlọ́ọ̀kù gun àkàbà wá tín-ín-rín bí apá ọmọdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọ wà níbi iṣẹ́. Ìyá lọ bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi orí gba simẹ́ńtì. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ogún ìṣísẹ̀ ló wà láàárín wọn, kò tó ọ̀nà máńgòrò. Bàbá fọwọ́ ti àga, ó rì padà. Ó tún tì í, ó tún rì padà. Ó pariwo títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ yóò fi dé nírọ̀lẹ́, ìyá wọn ti kú.

Ọ̀rẹ́ mi ni, mo jókòó tì í lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ yí i ká, kò wo ojú ẹnì kankan.

"Ó gbọ́ bí mo ṣe ń bá àga jà," ló wí. "Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún mi. Ó kà á dé èje."

Àkọ́bí dìde, ó jáde síta. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì tíì dára tán títí di òní.

Ọmọ mi, o wá bá mi lánàá pé kí n bá ọ bá àwọn ará ọsibítù wí, nítorí pé ìyá rẹ ń sunkún bí wọ́n bá ní kó na ẹsẹ̀. O ní ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. Mo gbà. Ìfẹ́ náà ló ra àga ọ̀hún. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Padà sílé, gbé póò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, wá àga onígi, kí o sì dúró síwájú rẹ̀. Bó bá bú ọ, gbà á. Bó bá le jù fún un, ẹ padà lọ kí wọ́n dín in kù. Bó bá sunkún, bá a sun ún, ṣùgbọ́n máa kà á. Má dúró ní èje.