Ìka Ta Ni Ẹ Wọ̀n?

Oyèkúnlé, o ti rojọ́ ìyá rẹ, mo sì ti gbọ́. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún ẹ kó o tó máa bínú lọ.

Ọkùnrin kan wà, ìyàwó ẹ̀ ń ránṣọ. Wọ́n ti ń gbé pọ̀ tipẹ́, wọ́n ti rí ọmọ ọmọ. Òrùka ìgbéyàwó obìnrin náà ti jábọ́ sínú kànga látìgbà tí àwọn ọmọ wà ní kékeré, kò sì sẹ́ni tó rí i yọ. Ọkùnrin yìí wá ní òun á ṣe òmíràn fún un, ti góòlù, irú tí ẹnikẹ́ni ò ní nílùú.

Ó lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù. Wọ́n jọ yà á sórí bébà: okùn góòlù tín-ín-rín méjì tó lọ́ mọ́ra bí òwú ìránṣọ, tí orí ẹ̀ ní ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́. Inú alágbẹ̀dẹ dùn sí i. Ó ní, "Ẹ mú ìyá wá kí n rí ọwọ́ wọn. Èmi kì í ṣe òrùka fún ọwọ́ tí mi ò rí."

Ọkùnrin yìí ní rárá, òun fẹ́ kó bá a lójijì ni. Alágbẹ̀dẹ já òwú fún un, ó ní kó lọ fi wọn ìka ìyàwó ẹ̀ nílé, bí ẹni ń ṣeré.

"Eré kẹ̀? Èmi tí mo ti ní ọmọ ọmọ, kí n wá máa di ọwọ́ ìyàwó mú? Àwọn ará ilé á ní mo fẹ́ kú."

Ló bá na ìka ọmọńdinrín tiẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, ìka yìí lòun kọ́kọ́ ti òrùka ìyàwó bọ̀ kó má baà sọ nù, ó sì ṣe rẹ́gí.

Alágbẹ̀dẹ ní, "Bàbá, ìka méjì kì í jọ dàgbà."

"Ṣáà wọ̀n ọ́n."

Òun ló niṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ wọ̀n ọ́n. Ó yọ́ góòlù, ó fà á, ó lọ́ ọ, ó jó o pọ̀, ó sì dán an títí ó fi ń kọ mànà.

Nígbà tí obìnrin náà rí i, ó kúnlẹ̀ kí ọkọ ẹ̀. Ó ti òrùka bọ ọwọ́, ó gbé ọwọ́ sókè láti ṣàdúrà fún un. Àdúrà ò tíì dé àmín tí òrùka fi jábọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Obìnrin náà mú un, ó wò ó. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.

"Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, ìka ta ni ẹ wọ̀n?"

"Ìka mi ni."

"Ẹ wá irọ́ míì pa, èyí ò dùn."

Kò bá a jà. Ó kàn ń pè é ní "ẹ̀yin ọ̀gá," ó sì ń gbé oúnjẹ ẹ̀ kalẹ̀ láì wojú ẹ̀. Ìwọ náà níyàwó, o mọ̀ pé ìjà sàn ju ìyẹn lọ. Nígbà tó yá, ó di òrùka sétí ìró, ó ní kí ọkọ òun sin òun lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bó bá jẹ́ obìnrin míì ló ni ín, òun á gbé ẹ̀rọ òun lọ sílé ọmọ òun.

Wọ́n dé ọ̀hún, ìyá bi í pé ta ló ni òrùka. Alágbẹ̀dẹ gba òrùka, ó di ọwọ́ bàbá mú, ó tì í bọ ìka ọmọńdinrín ẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó. Kò tún fẹ́ jáde mọ́, àfìgbà tí wọ́n fi ọṣẹ sí i.

"Ìyá, ẹni tó ni ín rèé."

Obìnrin náà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú. "Obìnrin yìí mà sanra o! Àṣé oúnjẹ mi náà ló ń jẹ."

Alágbẹ̀dẹ wá já òwú mìíràn. Kò fúnra ẹ̀ wọ̀n ọ́n, bàbá ló nà án sí. Bàbá di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ mú. Ìka náà ti gbẹ, abẹ́rẹ́ ti gún orí ẹ̀ títí ó fi yi. Bàbá ò tètè so òwú.

"Ṣé bó ṣe wá rí nìyí?"

"Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò wò ó ni."

Alágbẹ̀dẹ kọjú síná, ó ń fẹ́ iná tí ò kú.

Ó gé díẹ̀ kúrò lára òrùka náà, ó jó o padà. Kò tún jábọ́ mọ́, bó ti wù kí àdúrà gùn tó. Àdúrà obìnrin yẹn sì máa ń gùn.

Oyèkúnlé, o ṣe yàrá fún ìyá rẹ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, o lẹ táìlì, o gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ó dáa, mo rí i. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, òtútù ń mú àwọn, wọ́n sì padà sísàlẹ̀, níbi tí èrò ọ̀nà ti lè kí wọn. O wá ń pè wọ́n ní abaramóorejẹ.

O fẹ́ràn wọn, mi ò jiyàn. Àmọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ò lè fara da ooru? Ta ni ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí òun? Yàrá yẹn ṣe rẹ́gí fún ẹ, lọ sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó o tó tún pe bíríkìlà, lọ jókòó ti ìyá rẹ nísàlẹ̀, kó o di ọwọ́ wọn mú. Bí àwọn ará ilé bá ní o fẹ́ kú, sọ pé èmi ni mo rán ẹ.