Aṣọ Mọ́kànlélógún Àrinpé

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Ọjọ́ pẹ́ tí òwe yìí ti ń dà mí láàmú. Aṣọ ni ènìyàn fi ń yangàn. Ta ni í fi àkísà yangàn? Bí ẹnìkan bá bú mi pé n kò ní àkísà, ṣé kì í ṣe ọpẹ́ ni kí n dá? Mo tilẹ̀ rò ó nígbà kan pé ẹnu àwọn àgbà ni ó ṣì, pé ohun mìíràn ni wọ́n fẹ́ wí. Nígbà tí ó yá ni mo gbọ́ ìtàn kan tí wọ́n ní òun ni ó wà nídìí rẹ̀. Bí a ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́. Ibi tí kò bá dá mi lójú, n ó wí pé kò dá mi lójú.

Ìlú aláró kan ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Mo ti gbọ́ orúkọ ìlú mẹ́ta, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń wí pé òun ni ó ni ìtàn náà. Bí mo bá dárúkọ ọ̀kan, mo ti rẹ́ méjì jẹ, nítorí náà n ó dákẹ́. Gbogbo wọn ṣáà gbà pé kò sí obìnrin ìlú náà tí kò mọ iṣẹ́ àdìrẹ. Wọn a fi láfún ro ẹ̀kọ, wọn a ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú rẹ̀, wọn a sì fi kọ iṣẹ́ sí aṣọ funfun. Bí wọ́n bá wá ri aṣọ náà sínú ìkòkò aró, ibi tí ẹ̀kọ bá bò kì í gba aró. Òun ni í di ẹyẹ, òun ni í di òòyà, òun ni í di ewé. Láti ọrùn ọwọ́ dé orí èékánná àwọn obìnrin wọ̀nyí, aró ni.

Wọ́n sì ní àṣà kan. Bí aṣọ titun bá ta aró sí ọrùn ẹni tí ó wọ̀ ọ́, wọn kì í bínú, ìyìn ni. Wọn a ní, "Ẹ wo bí aṣọ rẹ̀ ṣe mu aró tó!" Mo gbọ́ pé ẹlòmíràn tí aṣọ rẹ̀ kò ta aró a máa fi ìka kan aró sí ọrùn ara rẹ̀ kí ó tó jáde lọ sí òde.

Nínú ìlú yìí ni Àrinpé wà, ìyàwó Ládèjobí. Ẹni tí ó sọ ìtàn náà fún mi ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ṣùgbọ́n mo rò pé iye aṣọ rẹ̀ ni ó ń gbé fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ti aṣọ, kò sí àríyànjiyàn: mọ́kànlélógún ni, nínú àpótí mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ iṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Ẹyẹ tí Àrinpé bá kọ, fífò ni ó kù tí kò tíì fò. Àbùkù kan ṣoṣo tí ó ní ni pé kò fẹ́ rí ohun tí ó gbó. Bí aṣọ rẹ̀ bá ti ń ṣá, a ta á lọ́rẹ fún àwọn ará oko, a sì pa òmíràn láró dípò rẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ládèjobí, náà ní aṣọ mọ́kànlélógún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ó ní ẹrù àkísà kan tí ó dì sínú igbá ńlá, tí ó gbé sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àrinpé kò lè rí ẹrù náà kí ó má fọhùn.

"Ìyá," ni ó wí lọ́jọ́ kan tí àwọn obìnrin agbo ilé pé jọ sí ìdí ìkòkò aró, "ẹ jẹ́ kí n bá yín dáná sun àkísà yẹn. Eku ló kù tí yóò kó wọ ibẹ̀."

"Eku tí ó bá kó wọ ibẹ̀ mọ ibi tí ó dára," ni ìyá àgbà náà dáhùn, kò sì gbé ojú sókè.

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Àrinpé kò fẹ́ kí ẹ̀rín náà parí sí ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, mo ti kà á o. Mọ́kànlélógún ni aṣọ yín, mọ́kànlélógún ni tèmi náà. Ọmọ yín ti bá yín dọ́gba."

"O ti bá mi dọ́gba, ìyàwó mi. O kú oríire. Ó ku àkísà."

"Àkísà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ní in!"

Oyèbọ́lá, ìyàwó ilé kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Àmín o, Àrinpé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àkísà, kí ni yóò fi sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀?"

Oyún Àrinpé ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà náà. Ìyá Ládèjobí ti yọ àkísà mẹ́rin sọ́tọ̀ fún ọmọ tí ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ ṣe máa ń ṣe. Àrinpé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ó ní ọmọ òun kò ní fi àkísà pàdé ayé. Aṣọ titun ni ó ń kọ fún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ: ogójì ẹyẹ, kò sí méjì tí ó jọra. Ó pa aṣọ náà láró títí ó fi dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ó yẹ kí ó ṣàn án lómi títí omi yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ṣàn án, nítorí kò fẹ́ kí omi jí nínú dúdú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lù ú lórí igi títí ó fi ń dán bí ìyẹ́ àkùkọ.

Obìnrin ni ó bí. Fún ọjọ́ mẹ́fà, aṣọ funfun titun ni ó fi ń wé ọmọ náà, ọmọ náà sì ń sunkún.

"Ọmọ yìí ní ohùn," ni Oyèbọ́lá wí. "Bí ó bá dàgbà, òun ni yóò máa kéde fún ìlú."

"Ẹ̀yin ni ó ń kí," ni Àrinpé dáhùn.

Ní ọjọ́ keje (nítorí bí mo ti gbọ́ ọ, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ láyé àtijọ́), àwọn àgbà ilé jókòó sí abẹ́ àtíbàbà. Láti òwúrọ̀ ni Àrinpé ti fi aṣọ ẹlẹ́yẹ náà wé ọmọ rẹ̀ gírígírí. Oòrùn mú. Ọmọ náà ké, ó làágùn, ó tọ̀, ó sì tún ké. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e jáde, Oyèbọ́lá gbà á láti tún un wé. Bí ó ti tú aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ ni ó figbe ta.

"Yéè! Ara ọmọ ti yí padà! Àrinpé, wo àyà rẹ̀! Wo ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Láti abíyá dé gìgísẹ̀, ọmọ náà ṣú bí òjò. Ó ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Àrinpé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ kó gbogbo aṣọ mi," ni ó ń wí, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ kó gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣáà fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi."

Ládèjobí sáré wọlé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ó tún sáré jáde. Ẹnìkan ní kí wọ́n fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọmọ náà, ẹlòmíràn ní kí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ̀kẹta ní kí wọ́n pe agbẹ̀bí. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Gbogbo ọwọ́ tí ń gbà á ni aró bò dé ọrùn ọwọ́, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ariwo náà ni ó mú Ìyá Ládèjobí wọlé láti abẹ́ àtíbàbà. Ó gba ọmọ náà, ó gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò kan ahọ́n, ó sì fi nu ikùn ọmọ náà. Ibi tí ó nù mọ́ rekete. Ó na àtàǹpàkò náà sí wọn.

"Kí ni èyí?"

Oyèbọ́lá ni ó kọ́kọ́ dá a lóhùn. "Aró ni, Ìyá."

"Aró ni. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin aláró."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ẹni tí ó ń lọ pe agbẹ̀bí dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kí òun lọ tàbí kí òun padà. Àrinpé ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Nígbà tí wọ́n wẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì tí aró kúrò, wọ́n rí i pé abẹ́ apá àti itan rẹ̀ ti pọ́n. Omi eérú tí wọ́n fi ń po aró ni ó jẹ ẹ́ lára. Aṣọ kan kò gbọdọ̀ kàn án kí ó má ké. Aṣọ funfun titun ti ọjọ́ mẹ́fà náà le jù fún un. Àrinpé ṣí àpótí mẹ́ta náà. Ó mú èkínní, ó le. Ó mú èkejì, ó ń ró pàràpàrà bí ewé gbígbẹ. Ó mú èkẹta, ó ta aró sí i lọ́wọ́. Aṣọ mọ́kànlélógún kún ilẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo sì wà ní ìhòòhò. Láti ìta, àwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Ṣé ọmọ náà kò ní jáde ni?"

Àrinpé fi orúnkún rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún mi ní àkísà."

"Àkísà wo? Ṣé èyí tí eku kó wọ̀?"

"Bí eku bá wà níbẹ̀, Ìyá, n ó kúnlẹ̀ kí i."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó gbé igbá náà wá, ó tú ẹrù, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí ni mo fi pọn ọkọ rẹ. Ó tọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ tí aró kankan kò lè kù níbẹ̀."

"Ìyá," ni Ládèjobí wí láti ẹnu ọ̀nà, "àwọn àlejò ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́. Àwọn náà tọ̀ nígbà tiwọn." Ó yọ òmíràn. "Èyí ni mo wọ̀ wọ ilé yìí ní ìyàwó. Mo wọ̀ ọ́ ròde títí ó fi ṣá, mo wọ̀ ọ́ rodò títí ó fi rọ̀, mo wá fi bora títí n kò fi mọ̀ mọ́ pé mo bo nǹkan." Bí ó ti ń yọ wọ́n ni ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Èyí tí ó bá a lára mu jù ni ó fi wé ọmọ náà. Igbe gé sí méjì. Ọmọ náà yán, ó sì sùn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e jáde. Baálé agbo ilé wo ọmọ, ó wo ìyá rẹ̀. "Àrinpé, aṣọ ẹlẹ́yẹ tí a ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti oṣù tí ó kọjá dà? Àkísà ni ẹ fi gbé ọmọ wa jáde?"

Ó ṣeé ṣe kí ó rí irọ́ kan pa. Kò pa á. "Bàbá, aṣọ mi pé mọ́kànlélógún, ó bá ti ìyá ọkọ mi dọ́gba. Mo wá wá àkísà kan ṣoṣo láàárín wọn, n kò rí."

Wọ́n ní ẹ̀rín tí wọ́n rín níbẹ̀ kò jí ọmọ náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ẹni tí ó sọ ìtàn fún mi kò mọ̀ ọ́n, n kò sì fẹ́ hùmọ̀ ọ̀kan.

Àrinpé kì í ṣe ẹni tí í gbà fún ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àkísà tirẹ̀. Ó gbé aṣọ ẹlẹ́yẹ náà lọ sí odò lójoojúmọ́, ó fi ń gbo òkúta, ó ń lù ú, ó ń sá a sí oòrùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé e wá pẹ̀lú ayọ̀.

"Ìyá, mo ti ní àkísà!"

Ìyá Ládèjobí ki ìka bọ inú rẹ̀, ìka náà yọ sí òdìkejì láàárín ẹyẹ méjì. "Ihò nìyí, ìyàwó mi. Ihò kì í ṣe àkísà."

"Kí ni ó wá kù fún un?"

"Ọgbọ̀n ọdún." Ó ká aṣọ náà, ó fi í lé e lọ́wọ́. "O lè ra aṣọ, o lè hun ún, ìwọ tilẹ̀ lè kọ ẹyẹ sí i. Ṣùgbọ́n inú àkísà ni ènìyàn ti ń gbé kí ó tó di àkísà."

Oyèbọ́lá wà nítòsí, ó ń lu aṣọ. Òun ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà fún àwọn aláró yòókù, àwọn yẹn sì gbé e lọ sí ọjà. N kò lè búra sí èyí. Ṣùgbọ́n òwe náà kò dà mí láàmú mọ́, n kò sì tún wí pé ẹnu àwọn àgbà ni ó ṣì. Ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ dára lè kó aṣọ mọ́kànlélógún jọ ní ọdún mélòó kan. Àwọn ọdún tí ń sọ aṣọ di ohun tí ọmọ titun lè sùn sínú rẹ̀ ni kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nìyẹn tí wọ́n fi ń wí pé: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.