Ọmọ Àdúgbò Wo Ló Gbé Ife-Ẹ̀yẹ?

Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé ìlú wa, Àgbọ̀ndẹ̀, fẹ́ yan ilé-ìwé tí yóò lọ díje orin. Bàbá Adégòróyè ní àfi ti Òkè-Àgbède, àdúgbò rẹ̀. Bàbá Ọ̀jẹ́dìran fárígá, ó ní ti Ìsàlẹ̀-Odò, àdúgbò tirẹ̀, ni. Bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Òkè-Àgbède nìkan kọrin, ará Ìsàlẹ̀-Odò káwọ́ lẹ́rán, wọn ò tiẹ̀ pàtẹ́wọ́! Ọwọ́ òfo la mú relé.

Ìyá Fọláwẹ̀, alága ìgbìmọ̀, ní: “Bàbá Adégòróyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan sọ̀yà kí n gbọ́.”

Bàbá fi ìka kan sọ̀yà. Kò dún.

“Ẹ wá di gbogbo ìka pọ̀.”

Gbì! Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ rí i? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.”

Wọ́n pa ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, gbogbo ìlú ló ń pàtẹ́wọ́. Àwa la gbé ife-ẹ̀yẹ.

Oníròyìn kan bi Bàbá Adégòróyè pé: “Bàbá, ọmọ àdúgbò wo ló gbé e?”

Bàbá di ẹ̀ṣẹ́, ó sọ̀yà gbì: “Ọmọ Àgbọ̀ndẹ̀ ni!”