Ìrora Tí Akọpẹ Fi Pamọ́

Nígbà tí igi ọ̀pẹ ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní abúlé Igbó-Ọ̀pẹ, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ògúnjìmí. Akọpẹ ni. Kò sí ọ̀pẹ tó ga jù fún un, kò sì sí èyí tó ń yọ̀ jù. Bí ó bá ti fi igbà, okùn tí àwọn akọpẹ fi ń gun igi, yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ po, kí ènìyàn tó wo ọ̀tún wo òsì, ó ti dé àárín imọ̀ lókè, ìdì ẹyìn á sì máa já lulẹ̀ gbì, gbì. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ràn ìnagijẹ náà ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pè é ní Ògúnjìmí lásán, kì í tètè dáhùn.

Ẹni tó bá ti wo akọpẹ lẹ́nu iṣẹ́ á mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń ru iṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ á tẹ igi, ọwọ́ á di igbà mú, ṣùgbọ́n ìbàdí ni gbogbo ara fi ń sinmi lé okùn. Ibi tí okùn bá ń fà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, láti ọdún dé ọdún, kò lè ṣàì ro ni. Ìdí nìyẹn tí obìnrin àgbà kan tó ń wọ́ra fún ènìyàn kò fi ń ráyè sinmi ní abúlé náà. Ìyá Olówọ́-ẹ̀rọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Lọ́dún kan, ẹ̀yìn dá Àlàmú dùbúlẹ̀. Akọpẹ bíi ti Ògúnjìmí ni, ẹgbẹ́ ni wọ́n, ògiri ilé wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Àlàmú kò fi bò rárá. Ó kígbe débi pé àwọn tó wà lódò gbọ́: "Ẹ gbà mí o! Ìbàdí mi ti já o!" Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Olówọ́-ẹ̀rọ̀. Ìyá náà bi í léèrè ibi tó ti ń dùn ún, ó fi ìka wá ibẹ̀ kàn, ó fi aṣọ tó rì sínú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó sì fi òrí wọ́ ọ títí ara fi rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kó rọra fa orúnkún kan mọ́ àyà, kó tú u sílẹ̀, kó wá fa èkejì. Nígbà tí Àlàmú lè dìde, ó fún un ní ọ̀pá, ó ní kó máa rìn lójoojúmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́.

"Má sáré o," ni ìyá náà máa ń wí fún un. "Ẹ̀yìn tí ìrora ti bá gbé pẹ́ kì í gbọ́ ìbínú. Ẹ̀bẹ̀ ló ń gbọ́."

Àwọn akọpẹ yòókù pín àwọn ọ̀pẹ Àlàmú láàárín ara wọn, wọ́n ń bá a kọ ọ́, wọ́n sì ń gbé ẹyìn rẹ̀ wá fún un nílé. Kò sí ẹni tó gba igi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògúnjìmí nìkan ló sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Bí ó bá pàdé Àlàmú lọ́nà, á tẹ̀ kòrò, á fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, á sì béèrè pé, "Àlàmú, oyún yìí ti pẹ́ o. Ọjọ́ wo ni ìkúnlẹ̀?" Àwọn èrò ọ̀nà á bú sẹ́rìn-ín. Àlàmú pàápàá á rẹ́rìn-ín.

"Rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́," ni yóò dáhùn. "Lánàá, ìdí ìrókò ni mo dé. Lónìí, màá dé odò."

Ọdún náà kò tíì parí tí ọ̀rọ̀ fi kan Ògúnjìmí fúnra rẹ̀. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ yí ara padà, kò lè yí i. Nígbà tí Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, wọlé, àìdúró àìjókòó ló bá a, ó di ògiri mú, òógùn bo ojú rẹ̀.

"Baálé mi, kí ló dé?"

"Ẹ̀yìn ni," ló wí láàárín eyín. "Ti ilẹ̀kùn."

"Ẹ jẹ́ kí n sáré pe Ìyá Olówọ́-ẹ̀rọ̀."

"Kí gbogbo abúlé wá wò mí? Èmi tí mo ń bi Àlàmú léèrè ọjọ́ ìkúnlẹ̀?" Ó mú un ní ọwọ́. "Àwẹ̀ró, búra fún mi pé o kò ní sọ ọ́."

Àwẹ̀ró búra. Obìnrin tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ni, ó sì rò pé ìbúra náà kò ní pẹ́ tí yóò fi tán lọ́rùn òun.

Ọgbọ́n tí Ògúnjìmí wá dá yà á lẹ́nu. Ó ní kí Àwẹ̀ró lọ bá ìyá náà, kó sọ pé òun Àwẹ̀ró gan-an ni ẹ̀yìn ń ro. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe fún un, kó wá ṣe é fún òun nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró ṣe ń lọ. Wọ́n wọ́ ọ, wọ́n fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Bó bá délé, á dá gbogbo rẹ̀ wò lára ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tó ń wá. Bó bá sì ní kí ọkọ òun rọra fa orúnkún mọ́ àyà, Ògúnjìmí á fà á bí ẹni ń fa okùn lọ́wọ́ ọ̀tá.

"Wọ́n ní kí ẹ rọra ni."

"Ìwọ ni wọ́n ní kó rọra. Ọkùnrin ni mí. Bí mo bá fà á le, yóò tètè lọ."

Kò lọ. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí itan rẹ̀ ni, ó sì ń dé orúnkún. Ẹ̀yìn Àwẹ̀ró, tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ló wá yá gágá ju ti ìgbà tí wọ́n gbé e níyàwó lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ì bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Olówọ́-ẹ̀rọ̀ dá ọwọ́ dúró lẹ́yìn Àwẹ̀ró. "Ọmọ mi, ẹ̀yìn yìí kò ní ẹjọ́ kankan tó ń rò. Ta ló ni ìrora?"

Àwẹ̀ró wolẹ̀. Ìbúra di í lẹ́nu.

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Wí fún un, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, pé ọwọ́ mi kò lè wọ́ ẹ̀yìn tí kò sí níwájú mi. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń gun igi, kó má ṣe fi ara kan igbà títí ìbàdí náà yóò fi rọ̀."

Àwẹ̀ró fi ẹkún jẹ́ iṣẹ́ náà. Ògúnjìmí gbọ́ ọ dópin. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí ó bá ti ń dá wà, ẹ̀rù ara rẹ̀ a máa bà á, ó sì wù ú kí ẹnì kan gbé ọwọ́ tó gbọ́n lé e lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí òun fúnra rẹ̀ gbìn sójú ọ̀nà ni kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Ẹyìn ti pọ́n lórí igi," ló wí. "Ta ni yóò kọ ọ́?"

"Ẹgbẹ́ yín ni. Ṣebí wọ́n ṣe é fún Àlàmú."

"Èmi kì í ṣe Àlàmú," ló wí, ó sì gbé igbà rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ọ̀pẹ tó ga jù lọ lẹ́bàá ọ̀nà odò ló lọ gùn. Ó dé ìdajì igi náà, ó fẹ́ fi ìbàdí ju okùn sókè, ni nǹkan kan bá já fàà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti igi, ọwọ́ rẹ̀ gan mọ́ igbà, okùn sì ń wọ inú ẹran ara rẹ̀ gan-an níbi tó ti ń dùn ún.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Àlàmú ló ń bọ̀. Kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó gbé igbà kọ́ èjìká, ó ń lọ síbi àwọn ọ̀pẹ kúkúrú, níbi tí Ìyá Olówọ́-ẹ̀rọ̀ ti gbà pé kó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́! O kú iṣẹ́ o!"

Àlàmú, gbà mí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín Ògúnjìmí. Ó kù kó la ẹnu. Ni ó bá rántí bí òun ṣe tẹ̀ kòrò lójú ọ̀nà yìí kan náà, ó sì rí i bí Àlàmú yóò ṣe gbé òun sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Oo! Ìwọ náà kú iṣẹ́!"

"O ti pẹ́ lójú kan. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ni yóò wà? Mo ń gba atẹ́gùn ni."

Ó tiẹ̀ ń súfèé, kí Àlàmú lè gbà á gbọ́. Àlàmú rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi kọjá lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kí i, ó dá wọn lóhùn. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ kọjá, wọ́n kí i, ó dá wọn lóhùn. Láàárín ìkíni kan sí èkejì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sára igi.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ̀rù wá ba Ògúnjìmí ju ìtìjú lọ. Ó la ẹnu, ó sì kígbe: "Àlàmú o! Ẹ gbà mí o!" Ó kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀nà odò ti dá. Gbogbo àwọn tó ti kí i ti wà nídìí ààrò wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò lára igi, ó sì fi ìdí gúnlẹ̀ sí ìdí ọ̀pẹ.

Níbi tó wà nílẹ̀, ohùn Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Obìnrin náà ti já ìbúra rẹ̀, ó ń ké e káàkiri abúlé: "Ẹ̀yìn ń ro ó! Ó ti pẹ́ tó ti ń ro ó! Ẹ bá mi wá a o!" Inú kò bí Ògúnjìmí. Ohùn náà dùn mọ́ ọn. Àlàmú ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

"O ní atẹ́gùn lò ń gbà," ló ń wí ṣáá. "O ní atẹ́gùn lò ń gbà."

Wọ́n tú ilẹ̀kùn kan, wọ́n tẹ́ ẹ lé e, wọ́n sì gbé e dé ilé Ìyá Olówọ́-ẹ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìyá náà kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn tó ti ń wọ́ láti ara ẹlòmíràn. Kó tó béèrè ohunkóhun, Ògúnjìmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ibi tó gbà dé orúnkún, ó sọ ti Àwẹ̀ró àti ẹní. Kò fi nǹkan kan pamọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Àlàmú dúró tì í. Ìyá náà tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ ọjà fún lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Lẹ́yìn náà ló fi ìka tẹ ìbàdí rẹ̀.

"Ṣé ó dùn ọ́ níbí?"

"Rárá, ìyá."

"Níbí ńkọ́?"

"Rárá."

Ìyá náà já a léèékánná ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ògúnjìmí kò mira. Ẹ̀rín wá sí i lójú, òun nìkan sì ni inú rẹ̀ dùn nínú yàrá náà.

"Ìyá, ó ti lọ," ló wí. "N kò gbọ́ ìrora kankan mọ́."

Àwẹ̀ró ti rí ojú ìyá náà, ó sì gbé ọwọ́ lérí. Ìyá Olówọ́-ẹ̀rọ̀ fa aṣọ bo ẹsẹ̀ méjèèjì tí kò ní rìn mọ́ láéláé.

"Ògúnjìmí ọmọ mi," ló wí, "nígbà tí ara rẹ ń pariwo, ìwọ lo ní kó dákẹ́. Ó ti gbọ́ tìrẹ."

Àlàmú àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ń bá a kọ àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Igbà rẹ̀ wà lára ògiri, níbi tí yóò ti máa rí i láti orí ẹní. Bí ẹnikẹ́ni ní Igbó-Ọ̀pẹ bá sì ti ń wo ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bi í pé ṣé ara le, àwọn àgbà a máa na ọwọ́ sí ilé Ògúnjìmí, wọn a sì sọ ọ̀rọ̀ tó ti ibẹ̀ di òwe fún gbogbo wa pé: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.