Ìwọ̀n Odùkọ̀yà

Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ni àwọn akónilẹ́rú fi wọ ìlú Ìrónà léraléra, tí wọ́n ń kó ọmọ ènìyàn lọ bí ẹni ń já ẹ̀fọ́ lóko. Nígbà náà ni ìlú pinnu láti gbẹ́ yàrà yí ara wọn ká, kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi. Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀, olórí ìlú, gba apá ìlà oòrùn. Àbúrò rẹ̀ Odùkọ̀yà gba ìwọ̀ oòrùn. Ara olórí iṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọn yàrà láyé ìgbà náà: bí ó bá dúró nísàlẹ̀ tó na ọwọ́ sókè, tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan etí yàrà, ó tó.

Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ ga bí ọ̀pẹ, gbogbo ayé ló sì ń yìn ín. Odùkọ̀yà, baba ńlá tiwa, kúkúrú abìjà, abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe mímì fún adìẹ, ara tirẹ̀ kò gùn. Nígbà tó ní yàrà òun ti tó, àwọn èèyàn wá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ewúrẹ́ á fo èyí. Ó jowú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gidigidi. N kò ní torí pé baba mi ni kí n purọ́. Ó gbé ìyàwó rẹ̀, Ẹfúnyẹmí, lé èjìká nínú yàrà, ó ní kí ó na ọwọ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ọwọ́ Ẹfúnyẹmí kò fi kan etí mọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn kẹrin pé, àwọn akónilẹ́rú dé. Wọ́n wo yàrà Odùkọ̀yà, wọ́n yí padà. Wọ́n bọ́ sí ti Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀, ọ̀kan gun èkejì léjìká, wọ́n sì ń gòkè. Odùkọ̀yà rí wọn láti orí odi.

Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ṣebí òun ló ga. Kí ó fi gíga rẹ̀ lé wọn."

Ẹfúnyẹmí wò ó. "Baálé mi, bí wọ́n bá kó ẹ̀gbọ́n yín lọ, ta lẹ óò máa jowú?"

Odùkọ̀yà fa àdá yọ, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sáré gba àárín ìlú kọjá. Òun ló dúró síwájú, tó ń ṣá gbogbo ọwọ́ tó bá di etí yàrà mú, títí ọ̀kọ̀ fi bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn akónilẹ́rú sá, wọn kò padà wá mọ́ láéláé. Orí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n gbé e lé.

Ó bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, yàrà ta ló jìn?"

Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ ń sunkún. "Tìrẹ ni, àbúrò mi."

Lẹ́yìn ìsìnkú Odùkọ̀yà, Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ fi okùn wọn yàrà àbúrò rẹ̀, ó ní kí gbogbo ìlú gbẹ́ tiwọn débẹ̀. Títí dòní, bí a bá fẹ́ ro yàrà lọ́dọọdún, ọmọ ilé wa kan ní í kọ́kọ́ gbé ìyàwó rẹ̀ léjìká wọnú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kan koríko. Ìjọba ti fi wáyà yí i ká báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ́lé síbẹ̀. Orúkọ Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ nìkan ni wọ́n kọ sára pátákó tí wọ́n rì síbẹ̀. Ó ń dùn mí, n kò níí fi pa mọ́. Bí àlejò bá ti ka pátákó náà tán, mo máa ń ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, kí ó na ọwọ́.